Alùpùpù Àtijọ́ àti Ìmọ̀ Ọwọ́: Àgbéyẹ̀wò Ìtàn Bullet láti Redditch dé Madras

Ìfáárà

Bí a bá fi ojú owó lásán wo alùpùpù àtijọ́, èrè tó wà nínú rẹ̀ kò tó nǹkan. Epo ń jò lára rẹ̀, ó wúwo, ariwo rẹ̀ pọ̀, kì í sì í yá ojú láti jí bí òtútù òwúrọ̀ bá mú. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló wà ní orílẹ̀-èdè púpọ̀ tí wọ́n lágbára láti ra tuntun ṣùgbọ́n tí wọ́n yàn láti máa gun èyí tó ti lo 40 tàbí 50 ọdún. Àwọn kan a máa pe irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀ ní àṣejù. Ní tiwa, ìbéèrè ìtàn ni a rí níbẹ̀: báwo ni ẹ̀rọ ṣe ń di arúgbó tí kò sì kú? Kí ni ń gbé e ró lẹ́yìn tí ilé-iṣẹ́ tó kọ́kọ́ ṣe é ti kógbá sílé?

Ohun tí a fẹ́ fi hàn nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé kì í ṣe líle irin ni ó ń mú kí alùpùpù pẹ́, bí kò ṣe pípọ̀ àwọn tó mọ inú rẹ̀. Ẹwà tí àwọn tó ń gùn ún ń rí lára rẹ̀ kò ṣeé yà kúrò lára wàhálà tó ń fún wọn. Láti fi ìdí ọ̀rọ̀ yìí múlẹ̀, alùpùpù kan ṣoṣo ni a ó gbé yẹ̀ wò ní kíkún, èyí ni Bullet, tí ilé-iṣẹ́ Royal Enfield kọ́kọ́ ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó sì wá di ti ará Íńdíà. Lẹ́yìn náà ni a ó fi ìtàn náà wo alùpùpù ní ilẹ̀ Yorùbá.

Láti orí abẹ́rẹ́ dé orí alùpùpù

Ìlú Redditch, ní agbedeméjì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lókìkí láyé àtijọ́ fún iṣẹ́ abẹ́rẹ́ rírọ. Inú iṣẹ́ abẹ́rẹ́ yìí gan-an ni ilé-iṣẹ́ tó wá di Royal Enfield ti jáde. Láti orí abẹ́rẹ́, wọ́n bọ́ sí orí kẹ̀kẹ́ ológeere. Wọ́n sì gba iṣẹ́ ẹ̀yà ìbọn ṣe fún ilé ìrọbọn ìjọba tó wà ní Enfield, níbi tí orúkọ wọn ti ṣẹ̀ wá. Ní 1901 ni wọ́n ṣe alùpùpù wọn àkọ́kọ́. Àwòrán àgbá ìbọn wà lára àmì ilé-iṣẹ́ wọn, wọ́n a sì máa polówó pé bí a ti ń ṣe ìbọn ni àwọn ń ṣe alùpùpù. Èyí kò ní ya Yorùbá lẹ́nu. Alágbẹ̀dẹ kan náà tó ń rọ ọkọ́ fún àgbẹ̀ ni ó ń rọ ìbọn fún ọdẹ.

Ọdún 1932 ni orúkọ Bullet kọ́kọ́ jáde. Ṣùgbọ́n èyí tí ìtàn mọ̀ jù lọ ni èyí tí wọ́n tún ṣe lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì. Lákòókò náà, ọ̀pọ̀ alùpùpù ni wọ́n kan ẹsẹ̀ ẹ̀yìn wọn mọ́ egungun ara wọn gbọn-in, débi pé gbogbo kòtò ojú ọ̀nà ni ẹni tó gùn ún ń fi ìdí kà. Royal Enfield fi apá tó ń lọ sókè-sódò àti sípíríìngì sí ẹ̀yìn Bullet tuntun náà, wọ́n sì gbé e lọ sí ìdíje ọlọ́jọ́ mẹ́fà ti àgbáyé tó wáyé ní Ítálì ní 1948. Méjì nínú àwọn tó ṣojú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbẹ̀ gun Bullet, àwọn méjèèjì sì gba àmì-ẹ̀yẹ wúrà.

Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò díjú rárá. Sìlíńdà kan ṣoṣo ni ó ní, gbogbo àyè tó wà nínú rẹ̀ kò sì ju 346 sẹ̀ǹtímítà onígun mẹ́ta lọ. Fífẹ̀ ihò sìlíńdà náà jẹ́ mílímítà 70, nígbà tí ìrìn písítìnnì láti ìsàlẹ̀ dé òkè jẹ́ mílímítà 90. Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ lórí ìṣirò yìí, nítorí òun ni ó ṣàlàyé ohùn Bullet. Písítìnnì tí ìrìn rẹ̀ gùn kì í sáré púpọ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni ó ń lu ìlù rẹ̀, etí sì lè ka lílù náà bí ẹ̀rọ bá dúró sójú kan. Dug-dug ni àwọn ará Íńdíà ń pe ohùn yìí. Àwa náà kò ṣe ohun mìíràn nígbà tí a sọ ẹ̀rọ yìí ní alùpùpù: ohun tí etí gbọ́ ni a fi pè é.

Bí Bullet ṣe di ti Íńdíà

Íńdíà gba òmìnira ní 1947, ẹnubodè tuntun tó gùn tó sì kún fún òkè wá di ohun tí àwọn ọmọ ogun rẹ̀ ní láti máa ṣọ́. Alùpùpù tó lè gun òkè, tó lè rìn nínú iyanrìn, tí ọmọ ogun kan sì lè tún ṣe níbi tí kò ti sí mẹkáníìkì, ni wọ́n ń wá. Bullet ni wọ́n yàn ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950. Ní 1955, wọ́n dá ilé-iṣẹ́ Enfield India sílẹ̀ ní Madras, ìlú tí wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà sí Chennai ní 1996. Àgbègbè Tiruvottiyur ni wọ́n kọ́ ilé-iṣẹ́ náà sí. Níbẹ̀rẹ̀, ẹ̀yà ara alùpùpù tí ọkọ̀ ojú omi kó wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń tò pọ̀. Nígbà tó fi máa di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, àwọn fúnra wọn ti ń ṣe ẹ̀yà náà.

Nígbà náà ni ìtàn yí padà. Wọ́n ti ilé-iṣẹ́ Redditch pa ní 1967. Ní 1970, Royal Enfield ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dáwọ́ alùpùpù ṣíṣe dúró pátápátá. Madras kò dúró. Ní 1977, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó Bullet tí wọ́n ṣe ní Íńdíà lọ tà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn tí wọ́n ti jẹ́ ọ̀gá lánàá wá ń ra iṣẹ́ ọwọ́ ara wọn padà lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n kọ́, owó àwọn ará Madras ni wọ́n sì ń san.

Ṣùgbọ́n kí ìtàn dídùn yìí má baà ṣì wá lọ́nà, ó yẹ kí a béèrè ìdí tí Bullet kò fi yí padà fún nǹkan bí ogójì ọdún. Kì í ṣe ìfẹ́ nìkan. Òfin ọrọ̀-ajé Íńdíà títí di 1991 kò jẹ́ kí ọjà òkèèrè wọlé bó ṣe wù ú, ilé-iṣẹ́ tó bá sì fẹ́ ṣe ju iye tí ìjọba fọwọ́ sí lọ ní láti tún gba ìwé àṣẹ. Ẹni tó fẹ́ ra alùpùpù kò ní ju ìwọ̀nba oríṣi díẹ̀ lọ láti yàn nínú rẹ̀. Nípa bẹ́ẹ̀, àìrí-yàn wà lára ohun tó bí ẹwà tí a ń yìn yìí. Òǹkọ̀wé tó bá fi apá yìí pamọ́, ìpolówó ọjà ni ó ń kọ.

Síbẹ̀ náà, ohun kan ti inú àìyípadà yìí jáde tí ẹnikẹ́ni kò gbèrò tẹ́lẹ̀. Ẹ̀yà ara Bullet ọdún 1960 kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti 1990. Ohun tí bàbá fi kọ́ ọmọ níṣẹ́ ni ọmọ ṣì fi ń jẹun. Ìmọ̀ mẹkáníìkì kò gbó mọ́ ọn lọ́wọ́. Ńṣe ni ó ń pọ̀ sí i bí ọdún ti ń gorí ọdún, tó fi jẹ́ pé ní àdúgbò Karol Bagh ní ìlú Delhi, òpópónà odidi ni àwọn tó ń ta ẹ̀yà Bullet tí wọ́n sì ń tún un ṣe fi ṣe ibùjókòó.

Jíjí ẹ́ńjìnnì náà

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí à ń pè ní ẹwà líle alùpùpù àtijọ́, kí ó wo ẹni tó ń jí Bullet ní òwúrọ̀. A kì í kàn fi ẹsẹ̀ gbá a. Olówó rẹ̀ yóò ṣí epo, yóò sì dí ọ̀nà afẹ́fẹ́ kábúrétọ̀ díẹ̀ bí ẹ̀rọ bá tutù. Yóò yí kọ́kọ́rọ́, yóò sì wo mítà iná kékeré kan tó wà lórí iná iwájú. Yóò wá fi ẹsẹ̀ tẹ kíìkì wálẹ̀ jẹ́jẹ́, kì í ṣe pẹ̀lú agbára, títí abẹ́rẹ́ mítà náà yóò fi padà sí àárín. Ìyẹn ni pé písítìnnì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé òkè, afẹ́fẹ́ àti epo sì ti há mọ́ra lókè rẹ̀. Níbẹ̀ ni yóò fa ọwọ́ irin kékeré kan tó ń tú afẹ́fẹ́ náà sílẹ̀, yóò ti kíìkì síwájú díẹ̀ kí písítìnnì lè ré òkè kọjá, yóò sì jọ̀wọ́ ọwọ́ irin náà. Kíìkì yóò padà sókè. Ìgbà yìí ni yóò tó gbé gbogbo ara lé e lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, láìfún un ní epo. Bí ó bá ṣe gbogbo rẹ̀ bó ti yẹ, ìlù yóò bẹ̀rẹ̀.

Bí kò bá ṣe é bó ti yẹ, tàbí bí iná púlọ́ọ̀gì bá ń ṣáájú àkókò, ẹ̀rọ yóò ta kíìkì padà mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, èyí sì lè ba ọrùn ẹsẹ̀ jẹ́.

Kò sí ohun àdììtú nínú gbogbo ìlànà yìí. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni ó ní ìdí, ìdí náà sì ṣeé fi ojú rí, ó ṣeé fi ọwọ́ kàn. Ẹni tó bá mọ ìdí tí abẹ́rẹ́ mítà fi padà sí àárín ti mọ̀ pé kọ́ńtáàtì, ìyẹn irin pẹlẹbẹ méjì tí ń pàdé tí wọ́n sì ń yà láti ta iná sí púlọ́ọ̀gì, ṣẹ̀ṣẹ̀ là ni. Ó ti kọ́ ẹ̀kọ́ nípa iná mànàmáná láìjókòó sí kíláàsì. Àlàfo tó wà láàrin irin méjì náà kò tó ìdajì mílímítà. Bí ó bá fẹ̀ jù tàbí tí ó fún jù, ẹ̀rọ yóò fi hàn. Olówó Bullet a máa mú sípánà àti ohun tí a fi ń wọn àlàfo yìí dání bí arìnrìn-àjò ti ń mú omi.

Jíà Bullet àtijọ́ wà lẹ́sẹ̀ ọ̀tún, bíréèkì ẹ̀yìn rẹ̀ sì wà lẹ́sẹ̀ òsì. Láti àárín àwọn ọdún 1970, òdìkejì èyí ni ọ̀pọ̀ alùpùpù ayé ń lò. Nítorí náà, ẹni tó ti mọ alùpùpù tuntun gùn dáadáa ṣì ní láti tún ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ́. Jíà ló máa ń tẹ̀ nígbà tó bá ń wá bíréèkì, ẹ̀kọ́ tí kò dára kí ènìyàn kọ́ níwájú ọkọ̀ ńlá! Àgbà alùpùpù kì í fara mọ́ ẹni. Ẹni náà ni yóò fara mọ́ ọn.

Ohun tí Japan ṣe

Kò yẹ kí a sọ̀rọ̀ Bullet kí a má mẹ́nu ba ohun tó pa àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ní 1958, ilé-iṣẹ́ Honda ní Japan gbé Super Cub jáde. Alùpùpù kékeré ni, ó fúyẹ́, kò nílò kílọ́ọ̀ṣì ọwọ́, epo kì í sì í jò lára rẹ̀. Ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa ẹ́ńjìnnì lè gùn ún lọ sọ́jà. Ní 2017, iye Super Cub tí wọ́n ti ṣe pé mílíọ̀nù 100. Níwájú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ àti àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ńláńlá, BSA ṣubú ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, Triumph ti Meriden sì tẹ̀ lé e ní 1983. Ìdájọ́ ọjà kò ṣègbè: ọ̀pọ̀ ènìyàn kò fẹ́ alùpùpù tí yóò máa kọ́ wọn lẹ́kọ̀ọ́, èyí tí yóò gbé wọn débi tí wọ́n ń lọ ni wọ́n fẹ́. A kò lè bá wọn wí.

Irin tí a ń bọ

Ní ìpínlẹ̀ Rajasthan ní Íńdíà, lẹ́bàá ọ̀nà tó lọ láti Pali sí Jodhpur, ojúbọ kan wà tí ohun tí wọ́n ń bọ níbẹ̀ jẹ́ Bullet. Ọ̀dọ́kùnrin tí wọ́n ń pè ní Om Banna ni ó ni ín. Ó kú nínú ìjàǹbá ní ibẹ̀ ní 1988. Àwọn aráàlú ń sọ pé àwọn ọlọ́pàá gbé alùpùpù náà lọ sí àgọ́ wọn, ṣùgbọ́n pé nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ibi ìjàǹbá náà ni wọ́n ti tún bá a. Wọ́n gbé e lọ lẹ́ẹ̀kejì, ó tún padà. Lónìí, inú ilé onígíláàsì ni alùpùpù náà wà, wọ́n fi òdòdó ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́, àwọn arìnrìn-àjò a sì máa dúró láti bẹ̀bẹ̀ fún ààbò ojú ọ̀nà. Ọtí wà lára ohun tí wọ́n ń fi rúbọ níbẹ̀.

Òǹkàwé tó jẹ́ Yorùbá ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ń lọ. Ògún ni àwa fi ń pe ohun tó wà nínú irin tó ń gba ni tó sì ń pa ni, àwọn awakọ̀ àti mẹkáníìkì wà lára àwọn tó ń bọ ọ́. A kò sọ pé ìsìn méjèèjì ti ibì kan náà wá, kò sí ẹ̀rí bẹ́ẹ̀. Ohun tó jọra ni pé ní ibi méjèèjì, àwọn ènìyàn gbà pé ẹ̀rọ tó ń gbé ẹ̀mí ènìyàn dání kò ṣeé fi ojú ohun èlò lásán wò. Ìyàtọ̀ kan sì wà tó yẹ fún àkíyèsí: gbogbo irin ni ti Ògún, láìka ọjọ́ orí rẹ̀ sí, ṣùgbọ́n ní Rajasthan, alùpùpù kan pàtó, tó ní nọ́ńbà àti olówó tí a mọ̀, ni ó di ẹni ìbọ.

Alùpùpù nílẹ̀ Yorùbá

Ní ilẹ̀ Yorùbá, àwọn alùpùpù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló kọ́kọ́ gbòde láyé ìjọba amúnisìn, àwọn ti Japan sì wá gba ipò wọn. Honda dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ ní Ọ̀tà ní 1979. Ọ̀pọ̀ àgbà ló ṣì lè rántí àkókò tí alùpùpù jẹ́ àmì ipò: olùkọ́ tí ìjọba gbé lọ sí abúlé, tó sì ní Honda, kì í ṣe ẹni yẹpẹrẹ. Òun fúnra rẹ̀ ni ó ń fọ púlọ́ọ̀gì rẹ̀ ní ọjọ́ Sátidé, àwọn ọmọ ilé-ìwé a sì máa pagbo wò ó.

Ètò àtúntò ọrọ̀-ajé ti 1986 yí èyí padà. Owó náírà wálẹ̀, ọkọ̀ tuntun di ohun tí ọwọ́ kò tó, iṣẹ́ sì wọ́n. Alùpùpù bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò, ó gba orúkọ ọ̀kadà láti ara ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú Okada Air, ìyẹn ẹ̀fẹ̀ tó tà ju orúkọ gidi lọ. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó fòfin dè é ní àwọn ojú ọ̀nà ńlá ní 2012, ó tún mú òfin náà le ní 2020 àti 2022. Púpọ̀ nínú alùpùpù tí ó ń ṣe iṣẹ́ yìí nílẹ̀ wa ti Íńdíà ni, bíi Bajaj àti TVS. Chennai ni olú-iṣẹ́ TVS wà, ìlú kan náà tí Bullet ti di ọmọ onílẹ̀. Lọ́nà yìí, ìmọ̀ tó gbilẹ̀ ní Madras kò jìnnà sí wa tó bí a ti rò.

Níhìn-ín ni a gbọ́dọ̀ fi ìyàtọ̀ sáàárín ẹni tó yàn án àti ẹni tí kò rí ọ̀nà mìíràn. Ẹni tó ń gun Bullet ọdún 1965 ní ọjọ́ Àìkú nítorí ìgbádùn, bí ó bá kọṣẹ́, ìtàn tí yóò sọ fún ọ̀rẹ́ ni. Ọlọ́kadà tí alùpùpù rẹ̀ tó ti gbó kọṣẹ́ pàdánù oúnjẹ ọjọ́ náà. Kò sí ẹwà nínú ìyẹn, àwa tí a ń kọ̀wé nípa ẹ̀rọ àtijọ́ kò sì gbọdọ̀ fi ẹnu wa yìn ín fún un. Síbẹ̀, ìmọ̀ àwọn méjèèjì jọra. Nígbà mìíràn, ti ọlọ́kadà ni ó jinlẹ̀ jù, nítorí àìmọ̀ rẹ̀ ní iye tí yóò ná an.

Ìmọ̀ náà kò sí nínú ìwé. Abẹ́ igi àti inú ìsọ̀ mẹkáníìkì ni ó wà, níbi tí ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ ti ń fi epo fọ ẹ̀yà ara ẹ̀rọ fún ọjọ́ pípẹ́ kí ọ̀gá tó jẹ́ kí ó di sípánà mú, títí di ọjọ́ tí yóò gba òmìnira. Ọ̀nà tí ìmọ̀ yìí ń gbà kọjá sí ọwọ́ àwọn ọ̀dọ́ ti ń há. Láti ìgbà tí òfin èéfín ti le sí i ni wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ tí kọ̀ǹpútà ń darí rọ́pò kábúrétọ̀. Bullet pàápàá pàdánù ẹ́ńjìnnì onírin rẹ̀ àtijọ́ ní nǹkan bí 2010, Íńdíà sì tún mú òfin tó le jù bẹ́ẹ̀ lọ ṣẹ ní 2020. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kì í sọ àìsàn rẹ̀ fún etí. Kọ̀ǹpútà mìíràn ni a fi ń bi í.

Èdè sì wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, èyí tó kan àwa tí a ń kọ́ni ní Yorùbá gan-an. Mẹkáníìkì a máa sọ pé ẹ́ńjìnnì ń wúkọ́, pé ó ń mu ọ́ìlì, pé ó ti nọ́ọ̀kì, pé ohùn rẹ̀ ti yàtọ̀. Nínú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, ìmọ̀ nípa afẹ́fẹ́, epo àti iná ti wọ aṣọ Yorùbá láìjẹ́ pé ìgbìmọ̀ kankan jókòó ṣe ìtumọ̀ rẹ̀. Iṣẹ́ ìwádìí tó yẹ akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ ni kí ó mú ìwé àti gègé lọ sí ìsọ̀ tó sún mọ́ ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀, kí ó jókòó ti àgbà mẹkáníìkì fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, kí ó sì bi í léèrè ohun tí etí rẹ̀ gbọ́ gan-an kí ó tó sọ pé ẹ́ńjìnnì ń wúkọ́.